Kòkòrò ń jẹ àga, onílé ń da májèlé sí yàrá

Bí èèyàn bá wọ ilé àtijọ́ kan ní Oníyanrìn, n'Ìbàdàn, kó tó jókòó, kó kọ́kọ́ yọjú wo abẹ́ àga. Bó bá rí lẹ́búlẹ́bú funfun tó kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù, kó má rò pé ọmọdé ló da páúdà sílẹ̀ o. Àga náà ti lálejò. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Èyí tó ń jẹ àga bàbá onílé náà, inú àga ló forí pamọ́ sí láti bí oṣù mélòó kan, kò sì san kọ́bọ̀ owó ilé.

Ẹ má pè é ní ikán. Ilẹ̀ ni ikán ti ń wá, ẹrẹ̀ ló sì fi ń ṣe ọ̀nà rẹ̀ lára ògiri. Eléyìí ò jẹ́ la ọ̀nà ẹrẹ̀ kankan. Kòkòrò tín-ín-tín ni, àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan nínú wọn ní Lyctus. Ìyá á yé ẹyin sínú àwọn ihò kéékèèké tí Ọlọ́run dá mọ́ igi. Bí ẹyin bá pa, ìdin á máa jẹ sítáàṣì inú igi lọ, ó lè lo oṣù mélòó kan, ó lè tó ọdún kan, kẹ́nikẹ́ni má rí i. Ìgbà tó bá dàgbà ló tó lu ihò jáde, ihò ọ̀hún ò sì ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, bí ìgbà téèyàn fabẹ́rẹ́ gún un. Ibi tọ́rọ̀ ti ta kókó nìyẹn. Ihò téèyàn rí, ọ̀nà àbájáde ni. Ẹni tó gba ibẹ̀ ti lọ. Àwọn tó kù nínú igi ló yẹ kí onílé bẹ̀rù.

Kì í ṣe gbogbo igi ló ń jẹ. Apá funfun tó sún mọ́ èèpo loúnjẹ rẹ̀ wà. Inú ìrókò tó ti gbó dáadáa, inú ọ̀pẹpẹ, kì í rí tibẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n arère ńkọ́? Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, ìdí nìyẹn táwọn káfíńtà fi ń fi ṣe ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ àga. Àwọn mìíràn ń fi gbẹ́ ère fún àlejò, wọ́n á wá fi pólíìṣì bàtà kùn ún kó lè dúdú. Ẹni tó rà á á rò pé igi olówó iyebíye lòun gbé. Nígbà tó bá yá, ère á bẹ̀rẹ̀ sí í da páúdà sórí tẹlifíṣọ̀n.

Iṣẹ́ àwọn kòkòrò ajẹgi kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ìyẹ̀rosùn táwọn babaláwo ń tẹ Ifá sí lórí ọpọ́n, lẹ́búlẹ́bú tí kòkòrò jẹ jáde lára igi ìrosùn ni. Àwọn kan nínú ẹbí kòkòrò wọ̀nyí kì í sì fi mọ sórí igi. Prostephanus truncatus, tó wá láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, wọ Tanzania ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó dé Tógò ní 1984. Ó ń jẹ àgbàdo, ó ń jẹ pákí gbígbẹ, ó sì lè gbé inú igi. Nígbà tápá ò ká a, wọ́n tú kòkòrò mìíràn tó ń pa á jẹ sílẹ̀ ní Tógò lọ́dún 1991. Nítorí náà, ẹni tó ń kó àgbàdo tàbí pákí gbígbẹ sórí pákó tó ti ń da lẹ́búlẹ́bú, kó tètè kó o kúrò ńbẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò kọ́ ló burú jù, ọ̀rọ̀ oògùn ni. Nínú agboolé tí èèyàn mẹ́fà ń sùn sí yàrá kan, ibẹ̀ náà ni baálé á ti fọ́n òtapíápíá sára bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á tilẹ̀kùn, tí wọ́n á sùn. Ṣé kòkòrò lẹ fẹ́ pa ni àbí ọmọ? Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké DDVP, irú èyí tí aráyé mọ̀ sí Sniper, lọ́jà gbogboogbò. Hóró oògùn tí wọ́n ń kó sínú àpò ẹ̀wà tún burú jùyẹn lọ. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, èéfín tó ń tú jáde kò ní ẹ̀rọ̀. Kẹrosíìnì ńkọ́? Ó lè pa èyí tó bá kàn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi gbẹ, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ò ní gbọ́. Kó sì tún wá gbaná lára ńkọ́?

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣe rèé. Kó gbé nǹkan náà kúrò láàárín àwọn tó kù, kó nù ún, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ihò, kó tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá dà sórí bébà, tàbí tí ihò tí kò ní ṣọ́ọ̀kì yọ, kòkòrò ń bẹ láàyè. Bí kò bá sí ìkankan fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti lọ tipẹ́.

Bó bá jẹ́ ère kékeré, kó wé e sínú nylon kó di í pinpin, kó gbé e sínú fírísà tó tutù dé ìwọ̀n -18, kó fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró o. Fírísà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ kò lè ṣe é, nítorí kòkòrò á kàn sùn ni, á tún jí. Bó bá gbé e jáde, kó má tú nylon náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi má baà ṣẹ́ sára igi.

Ooru náà ń pa á. Òfin àgbáyé lórí pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun sọ pé kí ooru 56 dé àárín igi fún ìṣẹ́jú 30. Oòrùn Ìbàdàn lè mú pákó pẹlẹbẹ gbóná, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó dé inú igi tó nípọn, ó sì lè mú kí ère sán. Ẹni tó fẹ́ gbé ère lọ fún èèyàn rẹ̀ nílùú òyìnbó kó rántí èyí. Bí wọ́n bá rí kòkòrò láàyè lára rẹ̀ níbodè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àga àti bẹ́ẹ̀dì, káfíńtà tó mọṣẹ́ ni kó gé ibi tó ti jẹrà kúrò, kó fi oògùn igi bíi Solignum pa á níta gbangba, kó gbẹ dáadáa kó tó padà wọlé. Lẹ́yìn náà ni kó dí ihò, kó kun fáníìṣì, pàápàá jù lọ abẹ́ àti ẹ̀yìn tí ojú kì í tó. Fáníìṣì ń dí ihò tí ìyá kòkòrò ì bá yé sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kùn ún láìpa tinú, onítọ̀hún kàn tilẹ̀kùn mọ́ olè nínú ilé ni.

Ẹni tó bá sì ń lọ ra pákó tuntun ní Bódìjà, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Kó kọ èyí tí funfun rẹ̀ pọ̀, kó kọ èyí tó ní ihò abẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ òrùlé ilé bàbá wọn ni kòkòrò ti wọ̀, kó má dá a ṣe o. FRIN, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí igbó àti igi láti 1954, wà ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn kan náà. Kó lọ béèrè níbẹ̀. Òrùlé ò ní pariwo kó tó wó.