Ẹ̀yin olórin wa ní Kánò, ojú wo ni ká fi dá yín mọ̀?

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí, àwọn olórin wa ló kàn jù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé wọn lọ sóde náà dúró gbọ́ ọ.

Ó ti pẹ́ tá a ti ń ráhùn pé bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ ṣe ìnáwó ńlá ní Sabon Gari, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ló máa ń ránṣẹ́ sí fún olórin. Owó ọkọ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ gbogbo wọn, òun ló ń san án, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó mọ ìlù í lù wà ní òpópónà kejì sílé rẹ̀. Àwọn kan ní fáàrí ni, àwọn kan ní a ò fẹ́ràn ara wa ni. Àwa ò rò bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ohun tó fà á jù ni pé a kì í dá àwọn ẹgbẹ́ olórin wa mọ̀. Èèyàn á gbádùn wọn níbi ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé, á rí pósítà wọn lára ògiri lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sì ní mọ̀ pé àwọn náà ni.

Ẹ wo inú fóònù yín. Ẹgbẹ́ jùjú kan wà láàárín wa tá ò ní dárúkọ (wọ́n mọ ara wọn, a sì ti bá wọn sọ ọ́). Láàárín ọdún kan péré, fláyà mẹ́sàn-án la kà tí wọ́n fi sórí WhatsApp. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan sì rèé, iná ń jó lẹ́yìn ọ̀gá olórin bí ẹni pé fíìmù ogun ni. Nínú méjì, wọ́n pe ara wọn ní “Band”, nínú mẹ́ta wọ́n ti di “International”, nínú àwọn tó kù, orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, ìyá kan nínú wa fẹ́ gbé wọn lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Inú fláyà àtijọ́ ló ti mú nọ́ńbà, ó pè é títí, kò wọlé. Ẹgbẹ́ mìíràn ló gba iṣẹ́ náà. Owó oúnjẹ ọdún àwọn èèyàn mọ́kànlá ló lọ bẹ́ẹ̀ o.

Kì í sì í ṣe pé wọn ò náwó. Bóde bá ti dé, wọ́n á wá ẹni tó lè ṣe fláyà kíákíá ní owó pọ́ọ́kú, ti òde mìíràn, ẹlòmíì. Oníkálukú ń ṣe èyí tó wù ú.

Ẹ jẹ́ ká wo Fẹlá. Ní 1974, Lemi Ghariokwu ya páálí àwo *Alagbon Close* fún un. Ọmọ náà ò tíì pé ogún ọdún nígbà yẹn. Fẹlá ń jó nínú àwòrán yẹn, ó ti já ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ẹja ńlá sì ń dojú ọkọ̀ omi ọlọ́pàá dé. Páálí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Lemi yà fún Fẹlá lápapọ̀. Àwòrán inú wọn ò jọra, síbẹ̀ bẹ́ ẹ bá tò wọ́n sílẹ̀ lọ́jà, ẹni tí kò mọ̀wé á nàka sí wọn pé ti Fẹlá nìyí. Nítorí náà, ẹ má sọ fún wa pé ojú kan náà máa súni. Àwòrán lè yí padà, déètì lè yí padà, kí ọwọ́ tó yà á má yí padà. Àwọn Rolling Stones nílùú Òyìnbó, ètè àti ahọ́n tí John Pasche yà fún wọn ní 1970, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní.

Orúkọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pinnu bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́, kó rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, tàmìtàmì. Bẹ́ ẹ bá kọ “Ope” lásán, ṣé ọpẹ́ ni ká kà á ni àbí ọ̀pẹ? Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà kò ní ẹ́ tàbí ọ̀. Kọ̀ǹpútà á wá lọ yá lẹ́tà náà lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà ọ̀hún á dúró láàárín orúkọ bí ẹni tí kò rí aṣọ ẹbí rà. Àwọn tó ń ṣe fláyà á sì kúkú yọ àmì dànù. Noto Sans àti Charis SIL ní gbogbo àmì wa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Àwọ̀ ńkọ́? Méjì ti tó. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé iná ló ń tan àwọ̀ lórí fóònù, yíǹkì ni ti flex. Ewé tó ń dán yòò lórí WhatsApp, tó bá dé orí bánà, á ṣú. Ẹ ní kí wọ́n tẹ díẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Oòrùn Kánò náà tún ńkọ́! Pupa àti yẹ́lò ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, búlúù àti dúdú ló máa ń kù. Ẹ wo pósítà ìbò àtijọ́ lójú títì, gbogbo olóṣèlú ti di aláwọ̀ búlúù.

Èyí tó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ fáìlì. Ẹ ti sanwó iṣẹ́, ẹni tó ṣe é á fún yín ní fọ́tò lásán, á fi fáìlì CorelDRAW pa mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá bàjẹ́ tàbí tó bá kó kúrò nílùú, ó di kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúnàádúrà fún fáìlì ọ̀hún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jàre, kí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin olóde náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ olórin sínú káàdì ìpè yín, ẹ má kàn lọ fa fọ́tò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn yọ lórí Facebook. Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n fi ojúlówó ránṣẹ́ sí yín. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.