Igba ènìyàn tó ń báni tọ́mọ: ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́wàá rọ́pò wọn

Àwọn àgbà wa ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá a wò ó. Kò sí ilé tí wọn kò ti mọ òwe yìí ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pobẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́. À ń fi kí ìyá ọmọ níbi ìsọmọlórúkọ, à ń fi ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá ti jẹun tán, tí oníkálùkù ti gba ilé rẹ̀ lọ, mélòó nínú igba ènìyàn náà ló ń kanlẹ̀kùn láago mẹ́ta òru, nígbà tí àbúrò ń ké, tí ẹ̀gbọ́n sì ti tọ̀ sórí ẹní?

Ìbéèrè yìí ni a ti ń bi ara wa láti ọdún kan. Tọkọtaya ni wá, Àjàṣẹ́ la ń gbé. Ìyá àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan, aránṣọ ni bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti ráhùn o. Ọmọ là ń tọrọ, Ọlọ́run sì fún wa. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé igba ènìyàn inú òwe yẹn ti dínkù ní ìlú ńlá, àti pé ohun tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń dí àlàfo wọn kò tọ́ rárá: ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n lọ mú wá láti abúlé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé ńṣe ni ìyá ọmọ kàn jókòó sílé. Bí ọmọ bá jẹ́ ẹyọ kan, ìyá lè pọ̀n ọ́n lọ síbi tó bá ń lọ. Ọmọ méjì kì í gba ẹ̀yìn kan. Bí ìyá bá ń fún ọ̀kan lọ́mú, èkejì á ti na ọwọ́ sí ìkòkò tó wà lórí iná. Bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á jí i. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń dá jẹun tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jowú, á ní kí wọ́n fi ọwọ́ bọ́ òun, kí wọ́n pọ̀n òun náà. Aṣọ fífọ̀ kì í tán, omi gbígbóná kì í tán, ògì kì í pẹ́ lórí iná kí ẹnì kan tó pè.

Ìrìn ilé ìwòsàn tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára ọjọ́ ìbí, ọmọ á padà lọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ 10, ní ọ̀sẹ̀ 14, á tún lọ gba ti èéyi nígbà tó bá pé oṣù 9. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin ti fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà kún un, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni ọmọ ń gbà á. Inú wa dùn sí i gan-an, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí ibà ń fi ojú ọmọ wẹ́wẹ́ rí nígbà òjò. Àmọ́ ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ, kó fi odidi òwúrọ̀ jókòó dúró de nọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ wà nílé ṣọ́ ẹ̀gbọ́n.

Nígbà àtijọ́, agbo ilé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn àbúrò ọkọ ń sáré kiri àgbàlá. Bí ọwọ́ ìyá ọmọ bá dí, kò ní í pariwo kí ẹnì kan tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, yàrá méjì la háyà. Àbúrò wa kan wà ní Kútọnu, òmíràn wà ní Èkó, ẹ̀gbọ́n wa wà ní Gabon. Wọ́n ń pè lórí fóònù, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ nígbà mìíràn, a sì dúpẹ́. Fóònù kò lè pọ̀n ọmọ.

Ìyá wa wá láti Kétu nígbà tí a bí àbúrò, ó sì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń fi epo ra á lára. Àríyànjiyàn kan péré ló ṣẹlẹ̀. Màmá fẹ́ kí ọmọ máa mu omi àti àgbo, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún wa pé ọmú nìkan ni kí á fún un títí á fi pé oṣù mẹ́fà. Màmá ní, “Gbogbo yín ni mo fún lómi, èwo nínú yín ló kú?” A kúnlẹ̀, a bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà. Wọ́n ní kí á ṣe bí nọ́ọ̀sì ti wí, ṣùgbọ́n àwọn á máa fi ewé wẹ ọmọ àwọn, ẹnu nọ́ọ̀sì kò dé ibi ìwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tí àlàáfíà fi jọba. Nígbà tó yá, Màmá ní láti padà sílé. Ẹ̀gẹ́ wọn wà lóko, àbúrò wa obìnrin sì ti fẹ́ bímọ. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ni wọ́n, wọn kì í ṣe igba ènìyàn.

Òfin náà ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin fún obìnrin tó ń gba owó oṣù ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, ọ̀sẹ̀ 6 kó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn tó bá bí. Ọ̀sẹ̀ 14 náà ni ti Tógò. Òfin yìí tún ní kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní wákàtí kan lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́, títí ọmọ á fi pé oṣù 15. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ wa padà síbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìgbà tó mú ìwé òfin dání lọ bá a ni ọ̀gá tó gbà kó máa fi wákàtí kan ṣáájú àwọn tó kù kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá tó ń gba owó oṣù, ẹ béèrè wákàtí yín. Kì í ṣe ojú rere ọ̀gá, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta àkàrà, ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà, ẹni tó ń ro oko, èwo ni ọ̀sẹ̀ 14 tirẹ̀? Wọn kò ní ọ̀gá tí wọ́n lè mú ìwé lọ bá. Àwọn wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ìyá wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí Màmá padà sí Kétu. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi gbà wá ní ìmọ̀ràn kan náà: “Ẹ lọ mú ọmọbìnrin kan wá láti oko.” Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ló dára jù, torí kì í jiyàn, kò sì tíì mọ ọkùnrin. Ẹnì kan ní òun mọ ìyá tó ní ọmọ púpọ̀, tí inú rẹ̀ á dùn tí a bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú ló sọ èyí. Ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, àánú wa ló ṣe wọ́n.

A mọ̀ pé àṣà náà ní orísun rere. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní vidomègon, àwa ń pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì láàárín wa ló dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn tàbí àbúrò bàbá wọn, tí wọ́n rán wọn níléèwé, tí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ń tọ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ bí ó ti ń tọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò kan an, kí Ọlọ́run san án fún un lẹ́san rere.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á wo ilé dáadáa kí á tó pe àṣà náà ní ìrànlọ́wọ́. Ta ló kọ́kọ́ ń jí láàárọ̀? Ta ló ń sùn kẹ́yìn? Nígbà tí àwọn ọmọ onílé bá wọ aṣọ iléèwé, kí ni ọmọ yẹn ń wọ̀? Ẹni tí a mú wá láti máa pọ̀n ọmọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò lè lọ síléèwé. Kò sí ọ̀nà tí ìwé àti ọmọ fi lè jọ wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀. Bí ọmọ tó ń ṣọ́ bá sì ṣubú, òun ni wọ́n máa nà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣì wà lára àwọn tó yẹ kí igba ènìyàn máa wò. Nígbà tí a bá sọ ọ́ di ẹni tó ń wo ọmọ, ọmọ kan la gbé gun ẹ̀yìn ọmọ mìíràn.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí náà. Òfin ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2006 kò gbà kí wọ́n mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ síbòmíràn láìgba ìwé àṣẹ. Òfin ọmọdé ọdún 2015 tún fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ múlẹ̀. Ọjọ́ orí tí ènìyàn fi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Benin jẹ́ ọdún 14. Síbẹ̀ àwọn ọmọ yìí wà ní àdúgbò wa, a sì mọ ilé tí wọ́n wà.

Kí ló dé tí ó ṣì fi pọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: owó ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà ní Benin jẹ́ 52 000 fráǹkì. Ilé tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ kò lè yọ 52 000 lóṣooṣù fún olùtọ́jú ọmọ. Ọmọ abúlé ní tirẹ̀ kì í gba owó oṣù, oúnjẹ àti aṣọ ọdún ni wọ́n ń fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò lè jà ni ẹrù náà ń já lé lórí.

Ohun tí a ṣe rèé, bóyá á wúlò fún ẹlòmíràn. A wá ilé mẹ́ta mìíràn ní àdúgbò wa tí wọ́n ní ọmọ wẹ́wẹ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pawọ́ pọ̀, a bẹ ìyá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ilé kọ̀ọ̀kan ń san 13 000 fráǹkì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52 000. Bí a ti ń dá èsúsú la ṣe ń dá a, ọjọ́ kan náà lóṣù, kò sí àwáwí. Ilé kọ̀ọ̀kan ń gbé oúnjẹ ọmọ tirẹ̀ wá. Títí àbúrò fi pé oṣù mẹ́fà, wàrà tí ìyá rẹ̀ fún sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ife bù fún un. Iṣẹ́ ni obìnrin náà ń ṣe, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbà, àgbàlagbà ni, bí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lẹ́nu tó fi lè sọ ọ́.

Èkejì, bàbá wọ inú iṣẹ́ náà. Bàbá àwọn ọmọ ló ń wẹ ẹ̀gbọ́n láàárọ̀, òun ló ń gbé e lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, òun ló ń gbé àbúrò lọ gba abẹ́rẹ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè dúró díẹ̀, iṣẹ́ ìyá kò sì lè dúró. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i tó pọ̀n ọmọ nídìí maṣíìnì ìránṣọ. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ti jẹ gàba lé e lórí. Ó dá wọn lóhùn pé orúkọ òun ni ọmọ náà ń jẹ́. Òfin ẹbí ilẹ̀ wa pàápàá kò pín in sọ́tọ̀: ọkọ àti ìyàwó ni ó jọ ní ojúṣe láti bọ́ ọmọ, láti tọ́jú rẹ̀ àti láti tọ́ ọ.

Ìlànà ilé wa kò lè bá gbogbo ènìyàn mu, a mọ̀. Ìyá tó ń dá tọ́mọ, tó ń ta gàrí, 13 000 pọ̀ jù fún un. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn aláṣẹ wà. Kí gbogbo ọjà wa, ní ìlú ńlá àti ní ìletò, ní ibi tó ní òrùlé, ẹní, omi àti àgbàlagbà tí wọ́n ń sanwó fún, tí ìyá lè fi ọmọ sí títí tó bá fi tajà tán. Kí wọ́n ṣí i ní ìdájí tí àwọn aláràjẹ ń dé. Àwọn ìyálọ́jà lè béèrè fún èyí, ohùn wọn tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2006 ni jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní Benin, ó sì ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ló ṣì wà lọ́rùn ìyá nìkan.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò ní kí ẹ jáwọ́ nínú òwe àwọn àgbà. A ní kí ẹ mú un ṣẹ ni. Níbi ìsọmọlórúkọ tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa òwe náà tán, kí ẹ̀gbọ́n ọkọ ní, “Èmi ni mo ni Ọjọ́rú.” Kí àbúrò ìyàwó ní, “Èmi á máa wá fọṣọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.” Kí ẹni tó wà ní Gabon ní, “Èmi á san owó olùtọ́jú oṣù mẹ́ta.” Bí ẹ bá ka gbogbo wọn, wọn kò ní í pé igba. Ènìyàn márùn-ún tó dájú á tó. Nígbà náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tó wà lábúlé á lè dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó máa lọ síléèwé tirẹ̀.