Háídírójìn Mọ́, Bí Kò Bá Jò

Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ òkèèrè, apá kan ẹjọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbọ́ nípa háídírójìn. Wọ́n ń gbọ́ pé ọkọ̀ tí ó bá ń lò ó, omi ni yóò máa tú sẹ́yìn dípò èéfín. Ní ọdún 2021 ni irú bọ́ọ̀sì alájà méjì bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pé.

Èyí tí ó kù ni ti háídírójìn tí ó jò kí a tó lò ó. Agbálẹ̀ kan wà nínú òfurufú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní háídírọ́ksìlì. Ìtànṣán oòrùn ni ó ń bí i, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Òun ni ó ń gbá mítéènì kúrò. Mítéènì ni ó pọ̀ jù nínú gáàsì tí ọ̀pọ̀ wa fi ń dáná. Ó sì ń ti inú ààtàn àti ikùn màlúù jáde.

Bí háídírójìn bá jò, ilẹ̀ a fa èyí tí ó pọ̀ jù mu, ṣùgbọ́n ìyókù a dí agbálẹ̀ náà lọ́wọ́. Mítéènì tí ì bá lo nǹkan bí ọdún 9 ni yóò wá pẹ́ sí i lókè, tí yóò máa mú ayé gbóná. Ìdí nìyí tí ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 fi ṣírò pé háídírójìn tí ó jò ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 12 kábọ́nù dáyọ́ksáìdì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, láàárín 100 ọdún.

Èmi kò ní kí a kọ háídírójìn. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ dí ihò ara páìpù. Ẹ sì rántí pé láti ara gáàsì àti èédú ni a ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ títí di òní. Mítéènì lè jò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá dé láti ilé ìwé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ yìn ín, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ìbéèrè méjì: Kí ni wọ́n fi ṣe é? Èló ni ó jò lọ́nà? Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.