Àjẹ́ Ké Lánàá: Ta Ni Ká Kọ́kọ́ Bi Nípa Ariwo Ọkọ̀?

Bí ọkọ̀ bá wọ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì láìní ariwo kankan, tí ó sì jáde tí ó ń kàn kó-kó-kó, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i gbẹ̀yìn ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yìí kò le, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ni a máa ń kọ́kọ́ wá kiri. Mo lòdì sí àṣà yìí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ilé wa jẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ni bàbá mi fi ń kó gààrí láti Ọdẹdá wá sí Kútọ̀. Òun náà ni ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n gbé e lọ fún sáfíìsì ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ó ń ta ọkọ̀, tí ó sì ń tún un ṣe. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n fọ bíréèkì, wọ́n sì gbé táyà iwájú sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta, ariwo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi padà lọ, èsì tí wọ́n fún wọn ni pé, "Bàbá, ọkọ̀ yín ti gbó. Ó ti ń ké tẹ́lẹ̀, ẹ ò fiyè sí i ni." Mẹkáníìkì mìíràn ládùúgbò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹtí díẹ̀, ó ní àfi kí àwọn sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Iye tí ó pè ju owó ilé ẹ̀kọ́ èmi àti àbúrò mi fún ọdún kan lọ. Bàbá mi ti ń múra láti lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Àbúrò wọn kan tí ó ti wa ọkọ̀ àjàgbé rí ni ó dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bi ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ná." Ó tẹ iná ọkọ̀ lórí ìdúró: kò kàn. Nítorí náà, ó ṣòro kí ó jẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó wà á lórí títì tí ó tẹ́jú: ó ń kàn. A jẹ́ pé kì í ṣe ihò ojú ọ̀nà ni ó ń mì í. Bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ ni kíkàn náà ń yá, bí ó ṣe ń rọlẹ̀ ni ó ń falẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn. Ó fi jáàkì gbé e. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta lára táyà ẹ̀yìn ti tú débi pé ìka lásán lè yí wọn, ihò wọn sì ti ń fẹ̀. Ká ní táyà náà yọ ní Kútọ̀ níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń sọdá ńkọ́?

Àwọn kan yóò ní, "Ṣé gbogbo ariwo lẹ́yìn sáfíìsì náà ni ẹ̀bi mẹkáníìkì?" Rárá o. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà ti dá ẹjọ́. Èmi kò ní kí á dá ẹjọ́, nítorí ohun tí ó ti jẹ tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ọjọ́ tí wọ́n tú u. Ìfura ni mo ń wí, ìfura sì ni oògùn àgbà. Kí á yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, kí á wo bóyá bóòtù bíréèkì le, bóyá irin tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ń jò, bóyá táyà àfipamọ́ ń gbá abẹ́ ọkọ̀, kí á sì wọn ọ́ìlì: kò gba wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì tí a bá sọ kalẹ̀ láìnídìí ńkọ́? Owó rẹ̀ kò ní padà mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù àtipadà lọ bá ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ má bẹ̀rù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní orílẹ̀-èdè yìí sọ pé bí iṣẹ́ tí a sanwó fún kò bá dára tó bí ó ti yẹ, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá nínú owó padà. Àjọ FCCPC wà fún ẹni tí wọn kò bá dá lóhùn. Ṣùgbọ́n òfin kò ní bá wa gbọ́ ariwo. Ní Bìrìtéènì, awakọ̀ akẹ́rù ńlá gbọ́dọ̀ yí ọkọ̀ rẹ̀ po kí ó tó gbéra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ike aláwọ̀ títàn tó ní ṣóńṣó sórí nọ́ọ̀tì, tí ó fi jẹ́ pé bí nọ́ọ̀tì kan bá yí, ojú lásán yóò rí i. Ike lásán ni!

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kúrò ní ilé iṣẹ́ kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà díẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó tún un ṣe. Bí wọ́n bá tú táyà, ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú wa jáde lọ síbi ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wa ní fisíìsì. Ẹ ti kọ́ wa pé ohun kan ṣoṣo ni à ń yí padà lẹ́ẹ̀kan nínú àyẹ̀wò, kí á lè mọ ohun tó fa èyí tí a rí. Ohun tí àbúrò bàbá mi ṣe gan-an nìyẹn, kò sì wọ yàrá àyẹ̀wò rí.

Wọ́n di nọ́ọ̀tì mẹ́ta, wọ́n pààrọ̀ rímù kan, ariwo dákẹ́. Bàbá mi kò yáwó mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ sọ kalẹ̀ náà ni ó ń gbé gààrí wá sí Kútọ̀ títí di òní.