Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Epo Tí Ń Kán Lára Kábúrétọ̀

Ìwé kan dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan ní Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Ó ní bàbá àwọn, tí í ṣe olùkọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, fi ọkọ̀ Volkswagen kan sílẹ̀ fún àwọn, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣù rìbìtì. Ọkọ̀ náà ṣì ń rìn. Àbúrò òǹkàwé wa ni ó ń fi í gbé ìyá wọn gba Ìlobùú kọjá lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo lóṣooṣù, nítorí ẹsẹ̀ ń dun màmá, wọn kò sì lè gun ọ̀kadà mọ́. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òórùn epo ti gba inú ọkọ̀ náà kan, bí a bá sì ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, a ó bá kábúrétọ̀ ní tútù fún epo. Mẹkáníìkì kan fi ọṣẹ dí i. Ó dáwọ́ dúró fún ọjọ́ méjì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin. Màmá kò gbà. Òǹkàwé wa wá béèrè pé, kí ni kí àwọn ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò ṣe é fi falẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọkọ̀ náà gbé màmá lọ sí ibikíbi títí epo náà yóò fi dá. Kí á má ṣe tan án, kí á tì í ni, kí á gbé e jìnnà sí ààrò, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Bí ọjọ́ dókítà bá pé, kí á háyà ọkọ̀ mìíràn fún wọn. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan kì í ṣe ohun tí à ń fi wé ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn àgbà wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo pẹtiróòlù tí ojú rí ni ó ń jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń gòkè lára epo náà ni iná ń gbá mú. A níláti mú kẹrosíìnì gbóná díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó lè gbaná, ṣùgbọ́n pẹtiróòlù a máa tú afẹ́fẹ́ tí ń gbaná jáde àní nínú òtútù tí omi fi ń di yìnyín, ká má tilẹ̀ sọ nínú oòrùn ilẹ̀ wa. Afẹ́fẹ́ epo yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Nítorí náà kì í fò lọ sókè. A máa wọ́ nílẹ̀, a máa kó jọ sínú kòtò àti ibi tí ó rẹlẹ̀. Ó lè wọ́ dé ìdí ààrò ìyá kan tí ń se ẹ̀kọ, kí iná sì tọ ipa ọ̀nà rẹ̀ padà wá bá ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀ Ìjàpá, ewu náà pọ̀ sí i. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Kábúrétọ̀ jókòó sókè ẹ̀rọ náà, dáínámò wà nítòsí rẹ̀ nísàlẹ̀, disitíríbútọ̀ tí ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì kò sì jìnnà. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ń ta ẹ̀ṣẹ́ná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Epo tí ó bá kán láti òkè, orí irin gbígbóná àti ẹ̀ṣẹ́ná ni yóò kán sí.

Ọkọ̀ irú èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1975, ní àsìkò owó Udoji, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Volkswagen ní ìlú Èkó, ní ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ni ó ra tirẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ọkọ̀ ayé òde òní kò ní kábúrétọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn epo fún ẹ̀rọ wọn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì nísinsìnyí kò tú kábúrétọ̀ Solex rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti lóye.

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ ni láti po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí yóò jó dáadáa. Bí epo bá jẹ́ kílò 1, afẹ́fẹ́ tí yóò bá a jó a máa tó nǹkan bíi kílò 15. Lára rẹ̀ ni àwo kékeré kan wà tí epo ń dúró sí. Nínú àwo náà ni ohun kan ń léfòó, bí igbá ti ń léfòó nínú odù omi. Flóòtù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bí epo bá ti ń kún, flóòtù a gòkè, a sì ti abẹ́rẹ́ kékeré kan dí ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé. Bí ẹ̀rọ bá mu epo, flóòtù a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà a sì ṣí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà náà, níbo ni epo ń gbà jáde? Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kínní ni rọ́bà epo, tí ooru ti mú le tí ó sì ti sán. Ọ̀kejì ni ọ̀pá idẹ kékeré tí a fi rọ́bà náà bọ̀ lára ìdérí kábúrétọ̀. Nínú Solex ti Ìjàpá, ṣe ni wọ́n gbá idẹ yìí wọlé, wọn kò dè é. Bí ọjọ́ bá pẹ́ a máa mì, ó sì lè yọ jáde lójijì lójú ọ̀nà kí epo máa tú sórí ẹ̀rọ. Ọ̀nà yìí ni ó burú jù lọ. Ẹ̀kẹta ni gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìdérí, tí ó ti gbẹ tàbí tí ó ti ya. Ẹ̀kẹrin ni abẹ́rẹ́ tí kò dí ẹnu ọ̀nà mọ́, yálà nítorí ìdọ̀tí, tàbí nítorí pé ó ti jẹ, tàbí nítorí pé flóòtù ti lu tí epo sì wọ inú rẹ̀. Nígbà náà àwo a kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Kí á tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ̀rọ tutù, kí ọkọ̀ wà ní gbangba, kí á sì tú wáyà bátìrì, tí ó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Tọ́ọ̀ṣì ni kí á fi wò ó, kì í ṣe àtùpà, kì í sì í ṣe ìṣáná. Kí á nu ara kábúrétọ̀ gbẹ pátápátá. Epo tí ó ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́ a máa fi àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sílẹ̀. Kí á tọ àbàwọ́n náà lọ sókè, nítorí pé ibi tí ó ga jù lọ ni orísun rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó ti ń kán. Kí á sì di ọ̀pá idẹ nì mú pẹ̀lú ìka, kí á gbìyànjú láti yí i. Bí ó bá yí, a ti rí ọ̀daràn.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí. Bí ó bá ṣe rọ́bà ni, kí á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ àti àwọn kílíìpù rẹ̀, kí á má ṣe gé orí rẹ̀ lásán. Rọ́bà tí a ṣe fún pẹtiróòlù ni kí á rà, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5. Rọ́bà funfun tí a fi ń fa omi a máa gan lára epo, a sì máa sán. Bí ó bá ṣe ọ̀pá idẹ ni, kí á tú skúrúù márùn-ún tí ó di ìdérí mú, kí á gbé ìdérí kúrò lórí ẹ̀rọ, kí á yọ idẹ náà, kí á sì fi èyí tí ó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì rọ́pò rẹ̀, kí ó lè dè. Kí á fọ gbogbo èérún irin kúrò. Bí ó bá ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì ni, kí á fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ gbé ìdérí lé orí dígí láti mọ̀ bóyá ó ti wọ́. Ẹni tí ó fi agbára fún skúrúù jù ni ó sábà máa ń wọ́ ọ. Bí ó bá ṣe abẹ́rẹ́ ni, kí á ra tuntun, kí á sì dá wásà abẹ́ rẹ̀ padà ní nínípọn tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé wásà yìí ni ó ń pinnu bí epo yóò ti ga tó nínú àwo. Kí á mi flóòtù létí. Bí a bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, kí á sọ ọ́ nù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná jó o pọ̀, nítorí pé epo inú rẹ̀ lè bú gbàmù.

Bí gbogbo èyí bá pé tí àwo ṣì ń kún jù, kí á wo pọ́ǹpù epo, nítorí pé bí ó bá ń ti epo jù, abẹ́rẹ́ tuntun pàápàá kò ní lè dá a dúró. Kí á fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì rẹ̀ lọ, tí ó sì ń rùn bí pẹtiróòlù, epo ti kún sínú rẹ̀. Kí á pààrọ̀ rẹ̀ kí á tó tan ẹ̀rọ.

Ní ti ọṣẹ, a kò bú mẹkáníìkì náà. Pẹtiróòlù kì í tètè yọ́ ọṣẹ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ onímọ́tò lójú ọ̀nà nígbà tí táǹkì wọn lu. Ṣùgbọ́n ara kábúrétọ̀ gbóná, ó sì ń gbọ̀n láìsinmi. Ọṣẹ kò lè dúró níbẹ̀. Ohun tí a fi délé kì í ṣe ohun tí a fi ń gbélé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà: díẹ̀ tí ó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe ọmọ ènìyàn ní ìjàm̀bá gidigidi.

Bí àwọn kan bá sì ń ṣe kàyéfì pé rọ́bà tí wọ́n rà láìpẹ́ ti bàjẹ́, kí wọ́n rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa, tí àwọn aláṣẹ sì níláti kó o kúrò ní ọjà. Ọtí irú èyí a máa ba rọ́bà jẹ́, a sì máa jẹ irin kábúrétọ̀ níwọ̀n-níwọ̀n.

Níbo ni a ó ti rí ẹni tí yóò ṣe é? Kí á wá àgbà mẹkáníìkì tí ó ti tú Solex rí, ì báà jẹ́ ní Ifọ́n tàbí ní Ìlobùú. A mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ fa ọgbẹ́ láàárín ìlú méjèèjì, tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní ààlà, iná tí epo bá sì dá sílẹ̀ kì í béèrè ìlú ẹni.

Ó ku ọ̀rọ̀ títà. Ẹ̀rù tí ń ba ẹ̀gbọ́n àgbà kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Iná ni ó rí tí ó ń sá fún. Màmá náà kò ṣe agídí, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ wọn ni wọ́n ń wò. Bí ìpẹtà kò bá tíì jẹ abẹ́ ọkọ̀ náà, kí á tún un ṣe. Bí kábúrétọ̀ bá kọjá àtúnṣe, kábúrétọ̀ ni kí á pààrọ̀, kì í ṣe ọkọ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí á tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ ẹ̀rọ ní alẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, kí á sì fi ọkọ̀ náà rìn díẹ̀ lójoojúmọ́ láìgbé ẹnikẹ́ni. Bí ìwé bá mọ́, tí òórùn kò sí, kí màmá wọlé.

Kí agolo ìpaná oníyẹ̀fun sì wà lábẹ́ ìjókòó iwájú láti ọjọ́ náà lọ. Omi kọ́ ni à ń dà sí iná pẹtiróòlù, nítorí pé epo a máa léfòó lórí omi, iná a sì tàn ká. Kí ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọkọ̀ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé yín ní kábúrétọ̀, abẹ́rẹ́ àti flóòtù pẹ̀lú. Ẹ lọ wo abẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.