Àṣìṣe Tí A Bá Dì Lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ ni a mú wá, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló kàn.

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin jọ ń ṣe iṣẹ́ kan. Ojú kan náà ni dátà ilẹ̀ wa wà nínú ArcGIS, olúkúlùkù sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ tó ń tún ṣe. A fi Python kọ ìlànà tí yóò pààrọ̀ orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀: ó ní a kò lè fọwọ́ kan irú dátà yìí láìkọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn àtúnṣe. Kí ni a ṣe? A fi try àti except: pass dì í lẹ́nu. Ariwo dákẹ́, inú wa dùn. Nígbà tí a yẹ iṣẹ́ wò, orúkọ kan ṣoṣo kò yí padà.

A wá fi arcpy.da.Editor ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n a kò tú ìdínu yẹn. Èyí ló burú jù. Bí a bá lo Editor pẹ̀lú with, tí àṣìṣe sì jáde sí i, yóò da gbogbo àtúnṣe nù, dátà yóò wà bó ti wà. Àmọ́ àwa ti gbé àṣìṣe mì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rò pé àlàáfíà ni, ó sì fi iṣẹ́ ààbọ̀ pa mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé inú ẹ̀dà tiwa ló ti ṣẹlẹ̀! A pa á rẹ́, a tún ṣẹ̀dá òmíràn láti ara DEFAULT.

Èrò wa ni pé kí a yé sá fún àṣìṣe. Ẹ kà á dé ìlà ìkẹyìn, ibẹ̀ ni Python ti ń sọ ohun tó ṣe é. Ẹ wo fáìlì .sde yín: ẹ̀dà ta ni ó ń tọ́ka sí? Ṣé ọ̀nà kan náà ni Editor àti cursor ń gbà wọlé? Ṣé multiuser_mode jẹ́ True? Ṣé ẹ ti tú cursor sílẹ̀, kó má baà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn? Bí àtúnṣe yín kò bá sì hàn ní DEFAULT, ẹ má sunkún. Kò sọnù, ẹ kò tíì ṣe reconcile àti post ni.

Àwọn kan yóò ní àkókò kò sí, olùkọ́ ń retí iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Abuja, kọ̀ǹpútà ni AGIS fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ṣe lọ́la. Orúkọ tó bá ṣì sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìjà ilẹ̀ ń dá sílẹ̀ nílé.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí àṣìṣe sọ tẹnu rẹ̀. Ire o.