Pàkúté eré àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ ní òfin

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Jos àti àyíká rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣeré sójà ní àdúgbò wa la bá wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ta okùn náílọ́ọ̀nù sójú ọ̀nà láti fi mú "ọ̀tá", ìyá alákàrà kan ló fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, orúnkún nìkan ló bó. Kò tíì tán o. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣáná sí báńgà lábẹ́ agolo. Gbàù! Gbogbo ọjà ló ti ilẹ̀kùn. Àwa náà ti kó ẹrù wọlé tán ká tó mọ̀ pé ọmọdé ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà ní Jos lọ́jọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2001, tàbí tó gbọ́ bọ́ǹbù ní Terminus lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún 2014, kò ní dúró bèèrè kó tó sá. Níbi tí èèyàn sì ti ń sá, ìjà lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà kan ní ká fòfin de eré náà pátápátá. A ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tẹ́ ẹ bá lé kúrò nínú kọ́ńpáùn, ẹ̀bá ihò táwọn awakùsà fi sílẹ̀ ló ń lọ, ẹ sì mọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó. Ó sàn kó wà lójú wa.

Àmọ́ pàkúté eré, ariwo ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe kó gbé èèyàn ṣubú. Agolo mílíìkì méjì, òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, òwú ìránṣọ la ó fi so ó, èyí tó máa já bí ẹsẹ̀ bá kàn án. Bí agolo bá ti dún, pàkúté ti mú ọ nìyẹn, lọ jókòó. Nílùú òyìnbó, àgbàlagbà gan-an ń ṣe irú eré yìí nínú igbó, agogo tàbí ìyẹ̀fun ni wọ́n ń lò, adájọ́ eré á sì sọ ẹni tó kú. Wáyà, ìṣó, ihò gbígbẹ́: rárá. Báńgà: rárá àti rárá! Ìbọn igi, ẹ kùn ún ní pupa, ẹ má kùn ún ní dúdú. Sójà gidi ò ní wá fọwọ́ kàn án wò nírọ̀lẹ́.

Ọdẹ tó gbẹ́ ọ̀fìn a máa fi àmì sọ́nà kí ọmọ èèyàn má bàa jìn sí i. Táwọn ọmọ náà bá so tiwọn, kí àgbà kan nínú ilé mọ ibi tó wà, kí wọ́n sì tú u kílẹ̀ tó ṣú. Iná kì í dágbére kó tó lọ.

Ọmọ tó bá ń wá agolo, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó pọ̀ lẹ́yìnkùlé. A ò gbowó.